Nọ́ọ̀tì ṣáàfù tó kọ̀ tí kò yẹ̀: èwo ni kí ẹ mú nínú ọ̀pá gígùn, ìbọn, anti-rust, iná àti ṣísẹ́ẹ̀lì?

Ẹni tó bá ń wa mọ́tò láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ọ̀yọ́ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ mọ ohun tí ẹsẹ̀ mọ́tò ti fojú rí lọ́nà yẹn: kòtò, ọ̀dà tó fọ́, eruku pupa, tírélà tó ń lé èèyàn bọ̀ láti ẹ̀yìn. Bẹ́ríìnì kì í pẹ́ lọ́wọ́ wa, bẹ́ẹ̀ náà ni ṣáàfù, ìyẹn irin tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà, àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. Àwa kan sì wà tí a máa ń tú ẹsẹ̀ mọ́tò fúnra wa lábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà, bóyá nítorí owó, bóyá nítorí pé ọkàn wa kì í balẹ̀ àfi tí a bá fojú ara wa rí ohun tó bàjẹ́. Nínú gbogbo iṣẹ́ yẹn, nọ́ọ̀tì ńlá kan ṣoṣo ló máa ń dá wa dúró, èyí tó wà láàárín ọ́ọ̀bù (ibi tí a ń de táyà mọ́) gan-an, tó di orí ṣáàfù mú. Bóòtì kálípà á tú, ti ṣọ́ọ̀kì á tú, òun á jókòó síbẹ̀ bí ẹni pé alágbẹ̀dẹ rọ ọ́ mọ́ ara ṣáàfù.

Ọ̀nà márùn-ún ni mo rí tí àwọn èèyàn ń gbà bá a jà nílùú yìí: ọ̀pá gígùn tí a fi ń yí i, ìbọn (ẹ̀rọ tó ń lu nọ́ọ̀tì títí yóò fi tú), anti-rust (òróró tó ń wọ inú ìpẹtà), iná, àti fífi ṣísẹ́ẹ̀lì gé e. Mo ti fọwọ́ ara mi gbé mẹ́rin wò lórí mọ́tò mi. Ẹ̀karùn-ún ni wọ́n fi ba mọ́tò náà jẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bá gbogbo nọ́ọ̀tì mu. Kí ẹ tó gbé irinṣẹ́ kankan, ẹ bi ara yín ní ohun méjì: kí ló di nọ́ọ̀tì yìí mú, kí sì ni ẹ fẹ́ kó ṣẹ́kù láìbàjẹ́ lẹ́yìn tó bá ti tú? Ìdáhùn méjì yẹn ló ń yan irinṣẹ́.

Ṣé ó tilẹ̀ yẹ kó tú?

Tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀kì, línkéèjì tàbí búṣìn ni ẹ fẹ́ pààrọ̀, ẹ fi nọ́ọ̀tì ṣáàfù sílẹ̀, kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ò dúró síbì kan: lára mọ́tò kan á jáde láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan ṣáàfù, lára òmíràn ṣáàfù ló dí ibi tí sípánà yóò gbà wọlé. Àmọ́ bẹ́ríìnì, ṣáàfù fúnra rẹ̀ àti bọ́ọ̀tù rọ́bà tó bo orí rẹ̀, nọ́ọ̀tì yìí gbọ́dọ̀ tú kí iṣẹ́ wọn tó ṣeé ṣe.

Ohun tó dì í mú

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ojú rẹ̀, kí ẹ tan iná fóònù sí i. Lára àwọn Toyota àtijọ́, ẹ ó rí fìlà irin kan tí píìnì gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ yọ píìnì, ẹ ṣí fìlà, ó parí. Lára àwọn tó dé lẹ́yìn wọn, àti lára Honda púpọ̀, ẹnu nọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ ni wọ́n lù wọ inú yàrà kékeré kan tó wà lára orí ṣáàfù, kó má baà máa tú lójú ọ̀nà. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ṣísẹ́ẹ̀lì tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí pọ́ǹṣì gbé ẹnu yẹn jáde pátápátá kí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó kan nọ́ọ̀tì. Mo ti rí ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n ń fo lórí páìpù kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní Tákíé, bẹ́ẹ̀ ẹnu yẹn ni ẹnì kankan ò gbé. Ó tú nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó fi ẹnu náà ha tẹ́ẹ̀dì orí ṣáàfù, ìyẹn ìlà tí nọ́ọ̀tì ń yí gùn, dà nù bó ṣe ń jáde bọ̀.

Ohun kejì tó ń dì í mú ni ìpẹtà, ó sì kan àwa tí a ń ra tòkúnbọ̀ ju gbogbo èèyàn lọ. Ní Kánádà àti ìhà àríwá Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Táyà á fọ́n omi iyọ̀ yẹn sábẹ́ mọ́tò, irin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ lè dé Èkó tí ara rẹ̀ ń dán gbinrin, kí abẹ́ rẹ̀ sì ti dógùn-ún. Tí ẹ bá rí i pé bóòtì abẹ́ mọ́tò yín ti wú, tí ìpẹtà ń bọ́ lára wọn ní ìpele ìpele, ẹ ti mọ irú nọ́ọ̀tì tí ẹ fẹ́ bá pàdé.

Ohun kẹta ni dídè. Corolla ọdún 2003 sí 2008, 216 Nm (òṣùwọ̀n agbára tí a fi ń yí nǹkan) ni ilé iṣẹ́ ní kí wọ́n dè é dé. Ti Camry ìgbà yẹn ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó súnmọ́ 300. Ẹ fi wé nọ́ọ̀tì táyà, tí kò ju nǹkan bí 103 Nm lọ lára Toyota kékeré. Èyí jẹ́ nọ́ọ̀tì tí wọ́n dè le láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a má tíì sọ ti ẹni tó tún un ṣe gbẹ̀yìn tó wá fi páìpù gùn ún.

Ìpẹtà ń fẹ́ òróró àti ìlùkì. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n dè jù ń fẹ́ agbára. Ẹnu tí wọ́n lù wọlé ò fẹ́ èyíkéyìí nínú wọn, ṣísẹ́ẹ̀lì ni tirẹ̀. Ẹni tó bá fún ọ̀kan ní oògùn èkejì ló máa ń sọ pé nọ́ọ̀tì òun ò lè tú láyé.

Ọ̀pá gígùn tàbí ìbọn?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣiyèméjì, nítorí náà mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀.

Agbára tó ń yí nọ́ọ̀tì wá láti inú ìwọ̀n tí ẹ fi tẹ ọ̀pá àti bí ọ̀pá náà ṣe gùn tó. Ká ní ẹni tó wúwo tó 70kg dúró lórí ọwọ́ sípánà tó gùn ní 25cm, nǹkan bí 170 Nm ló fún nọ́ọ̀tì. Èyí ò tilẹ̀ dé 216 tí wọ́n fi dè é ní ilé iṣẹ́, áńbọ̀sì kó tú u. Ẹ gbé ẹni yẹn kan náà sórí ọ̀pá 60cm, ó ti lé ní 410. Ẹ fi páìpù sọ ọ̀pá náà di mítà kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 690. Ẹni náà ò jẹun kún un, ọ̀pá ló gùn sí i. Mo ṣe ìṣirò yìí nítorí àwọn tó ń ro pé ara àwọn ni kò lágbára tó. Kì í ṣe ara yín, sípánà yín ló kúrú.

Fún ọ̀pá, ẹ wá èyí tí orí rẹ̀ nípọn ní ìlàjì íńṣì, ó kéré tán, kó sì gùn tó 60cm. Tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa fi páìpù kún un, èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íńṣì ló bọ́gbọ́n mu, torí pé orí onílàjì lè ṣẹ́ lójijì tí ìwọ̀n bá pọ̀. Ẹni tó dúró lórí rẹ̀ nígbà yẹn ló máa ṣubú. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ò gbọ́dọ̀ tóbi ju nọ́ọ̀tì lọ bó ti wù kó kéré mọ. 30mm ló bá Toyota púpọ̀ mu. Ti Honda máa ń jẹ́ 32mm tàbí 36mm. Ẹ yan oníhà mẹ́fà dípò oníhà méjìlá, àfi tí nọ́ọ̀tì yín fúnra rẹ̀ bá jẹ́ oníhà méjìlá. Ẹ tún yan dúdú dípò funfun tó ń dán, pàápàá tí ìbọn bá máa wọ ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń dán máa ń le gbagidi, ó sì lè fọ́ sí wẹ́wẹ́ lábẹ́ ìlùkì ìbọn.

Táyà gbọ́dọ̀ dúró gbagbaagba kí ọ̀pá tó lè ṣiṣẹ́. Ohun tó dára jù ni kí mọ́tò wà nílẹ̀, kí táyà wà lórí ọ́ọ̀bù, kí ẹ yọ ìdérí àárín ríìmù, kí ẹ ti sọ́kẹ́ẹ̀tì gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ fi òkúta ńlá tàbí igi há àwọn táyà yòókù níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan á jókòó sínú mọ́tò, á tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ títí ẹ óò fi ní kó fi sílẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ló máa ń bá mi ṣe tèmi, ó sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé P inú jíà: irin kékeré kan ló di jíà mú níbẹ̀, wọn ò ṣe é fún irú agbára yìí. Hánbíréèkì náà, táyà ẹ̀yìn ló ń dì mú, bẹ́ẹ̀ iwájú ni iṣẹ́ wà.

Ẹ kọjú sí táyà, kí ọwọ́ ọ̀pá wà lápá òsì yín, kó gùn gbalaja bí ẹni sùn. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ báyìí, ẹ ń tú u. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tí a ń lò, òsì náà ni wọ́n fi ń tú ti ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ti apá kan yàtọ̀ láìjẹ́ pé ó wà nínú ìwé mọ́tò yín. Ẹ di ara mọ́tò mú, kí ẹ gbé ìwúwo yín lé e díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fò. Fífò ló ń ṣẹ́ ọ̀pá, òun náà ló ń jẹ́ kí sọ́kẹ́ẹ̀tì yọ̀ kúrò lórí nọ́ọ̀tì. Tí ẹ bá gbọ́ “kàá!” kan ṣoṣo bí ìbọn ọdẹ, ẹ má bẹ̀rù, ó ti yẹ̀ nìyẹn.

Ẹ dúró níbẹ̀. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mú ní pàtàkì: nọ́ọ̀tì yìí ló ń fún bẹ́ríìnì pọ̀ kó lè gbé ìwúwo mọ́tò. Tó bá ti yẹ̀ díẹ̀, ẹ fi jáàkì gbé mọ́tò, ẹ fi stáǹdì tì í, kí ẹ tó tú u dé òpin. Ẹ má fi mọ́tò jókòó lórí bẹ́ríìnì tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti tú, kí ẹ má sì tì í kúrò níbi tó wà, bó tilẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì. Bẹ́ríìnì tí kò ní àìsàn tẹ́lẹ̀ lè ti ibẹ̀ bàjẹ́.

Ìbọn wá ńkọ́? Kì í tẹ̀ bí ọ̀pá. Ńṣe ló ń lu nọ́ọ̀tì lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlùkì yẹn ló ń fọ́ ìpẹtà, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ìbọn fi ń borí ọ̀pá lórí tòkúnbọ̀ tí iyọ̀ ti jẹ. Kò tún nílò kí ẹ di táyà mú tó bẹ́ẹ̀, torí náà ẹni tó dá wà nílé lè lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún irú èyí tí ẹ máa rà. Ìbọn kékeré tí wọ́n ń fi wáyà sí ihò ìtanná sìgá inú mọ́tò lè tú nọ́ọ̀tì táyà; iwájú nọ́ọ̀tì ṣáàfù ló máa dákẹ́ sí. Èyí tó ń lo bátìrì, tí orí rẹ̀ jẹ́ ìlàjì íńṣì, tó sì lágbára gan-an ló lè ṣe é, owó rẹ̀ sì pọ̀. Iye Nm tí wọ́n kọ sára páálí àwọn olówó pọ́ọ́kú, ẹ má fi gbogbo ara gbà á gbọ́.

Tó bá jẹ́ ti afẹ́fẹ́, ọ̀dọ̀ fọkanáísà la máa ń lọ. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà ní Under-G tàbí Sábó kì í sábà ní afẹ́fẹ́ tó. Ìbọn á lù díẹ̀, á rọ, ẹ ó sì máa dúró kí táǹkì tún kún. Àwọn tó ń tú táyà tírélà lójú ọ̀nà Ìlọrin ló ní èyí tó tóbi. Tiwọn á tú u, ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ àti orí rẹ̀ tóbi fún mọ́tò kékeré, ẹ sì gbọ́dọ̀ wa mọ́tò lọ síbẹ̀ kí nọ́ọ̀tì tó yẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti yẹ̀.

Èmi, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mo ń tú nọ́ọ̀tì yìí, ọ̀pá ni mo rà, n kò sì kábàámọ̀. Ẹni tó bá ń bá gbogbo àdúgbò tún mọ́tò ṣe, kó ra ìbọn.

Anti-rust, kẹrosíìnì, àti àwọn yòókù

Òróró ò lè dá nọ́ọ̀tì yìí tú, olùrànlọ́wọ́ ni. Anti-rust inú agolo tí wọ́n ṣe fún ìpẹtà gan-an ló dára jù. WD-40 wúlò, àmọ́ kò jinlẹ̀ tó èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún irin tó ti há. Kẹrosíìnì máa ń wọlé díẹ̀, tálákà ò sì gbọ́dọ̀ tijú láti lò ó. Ẹ fọ́n ọn ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi òòlù kan nọ́ọ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́ kó lè gbọ̀n, kó sì fa òróró wọlé, ẹ tún fọ́n ọn lálẹ́, ẹ jẹ́ kó di àárọ̀. Ẹni tó fọ́n ọn tán tó gbé ọ̀pá lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún ò tíì fún un láyè. Ẹ fi ọ̀rá bo dísìkì àti páàdì, torí páàdì tó bá mu òróró kì í di mọ́tò mú dáadáa mọ́. Mo rí àwọn tó ń lo omi bátìrì. Ásíìdì ni, ó ń jẹ irin tó dára pẹ̀lú ìpẹtà, ó sì ń jẹ ojú èèyàn. Ẹ má sún mọ́ ọn.

Iná

Èyí ni wọ́n fi ba mọ́tò mi jẹ́. Bọ́ọ̀tù rọ́bà ṣáàfù mi ló ya, èyí kò ju kí a pààrọ̀ rọ́bà, kí a fi gíríìsì tuntun sí i. Nọ́ọ̀tì kọ̀ ní wọ́kísọ́ọ̀bù tí mo gbé e lọ. Ọ̀gá ibẹ̀ ní kí wọ́n gbé gáàsì wẹ́ídà wá. Mo ní, “Ọ̀gá, ṣé kò ní ba nǹkan jẹ́?” Ó ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, tíṣà, iná ni baba gbogbo wọn.” Wọ́n fi iná sí i títí ó fi pọ́n, ó sì tú wẹ́rẹ́. Inú gbogbo wa dùn lọ́jọ́ náà.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, iná ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há tí a bá tẹ bíréèkì lójijì) tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí mo ṣe ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀, kí n tó dé Odò-Ọbà, ẹsẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ọlọ. Nígbà tí mo tú u, rọ́bà etí bẹ́ríìnì ti yọ́, gíríìsì inú rẹ̀ ti gbẹ di dúdú. Irin tó bá pọ́n ti kọjá 500°C. Rọ́bà àti gíríìsì inú bẹ́ríìnì ò lè fara da ìdá kan nínú mẹ́ta ìyẹn. Òrùka kékeré tí ABS fi ń ka yíyí táyà wà nítòsí ibẹ̀ bákan náà, ooru sì ń pa á. Iṣẹ́ rọ́bà lásán ni mo gbé lọ, bẹ́ríìnì àti ABS ni mo san owó lé e lórí.

Nítorí náà, èrò mi lórí iná le: ẹ má lò ó tí ẹ bá fẹ́ kí bẹ́ríìnì yín ṣẹ́kù. Tó bá jẹ́ pé bẹ́ríìnì, ọ́ọ̀bù àti ṣáàfù ni ẹ máa kó dà nù lọ́jọ́ náà, kò sí ohun tó ṣòfò. Síbẹ̀ ẹni tó ti fọ́n anti-rust síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò gbọ́dọ̀ mú iná wá, torí pé ohun tó wà nínú agolo yẹn ń gbiná.

Gígé e

Èyí ló kù fún nọ́ọ̀tì tí ojú rẹ̀ ti yọ́ tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ fáílìn àwọn wẹ́ídà ni ẹ ó fi la ẹ̀gbẹ́ kan nọ́ọ̀tì, kí ẹ dúró nígbà tó bá ku fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó dé tẹ́ẹ̀dì, kí ẹ wá fi ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù là á. Ẹ bo ojú yín, ẹ bo bọ́ọ̀tù rọ́bà. Ó gba sùúrù, ṣùgbọ́n ó dáàbò bo bẹ́ríìnì ju iná lọ. Tó bá jẹ́ pé ṣáàfù ni ẹ ń pààrọ̀, ẹ má da ara yín láàmú nítorí tẹ́ẹ̀dì, ẹ là á kíá. Tó bá jẹ́ pé ṣáàfù náà ló máa padà sínú mọ́tò, mílímítà kan tí ẹ bá gé kọjá ti sọ iṣẹ́ di olówó ńlá.

Tó bá jẹ́ tèmi

Corolla tí abẹ́ rẹ̀ mọ́, tí ẹnì kan wà nílé tó lè tẹ bíréèkì: màá gbé ẹnu nọ́ọ̀tì, màá lo ọ̀pá 60cm, mi ò ní ju wákàtí kan lọ. Tòkúnbọ̀ Kánádà tó ti dógùn-ún: anti-rust ní alẹ́ méjì, lẹ́yìn náà ìbọn, tí n kò bá rí ìbọn, ọ̀pá pẹ̀lú páìpù. Ríìmù tí ihò àárín rẹ̀ ò gba sọ́kẹ́ẹ̀tì: ẹ yọ táyà, ẹ dá nọ́ọ̀tì táyà padà sórí sítọ́ọ̀dù (àwọn irin tí nọ́ọ̀tì táyà ń yí sí) kí tẹ́ẹ̀dì wọn má baà bàjẹ́, ẹ gbé irin gígùn kan há àárín sítọ́ọ̀dù méjì kó fi ìdí kan kan ilẹ̀, kí ẹni inú mọ́tò tún tẹ bíréèkì kún un. Nọ́ọ̀tì tó ti yọ́: gígé, láìfi àkókò ṣòfò lórí èyí tó kù.

Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ má fi ìbọn dè é. Torque wrench ni, ìyẹn sípánà tó ń fi iye agbára tí ẹ fi ń dè é hàn, ẹ yá a lọ́wọ́ ẹni tó ní in. Tí ẹ kò bá rí rárá, òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń gbé àpò arìnrìn-àjò kọ́ wò lè gbà yín sílẹ̀ díẹ̀: ẹ fi í kọ́ orí ọ̀pá 60cm, ẹ fà á dé 37kg ní ìdúró ṣánṣán sí ọ̀pá, ẹ ti súnmọ́ 216 Nm ti Corolla. Kò péye tó torque wrench, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí èèyàn fi ara rẹ̀ díwọ̀n.

Nọ́ọ̀tì tí wọ́n lu ẹnu rẹ̀ wọlé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni lílò rẹ̀. Ẹ ra tuntun, ẹ sì fi pọ́ǹṣì lu ẹnu rẹ̀ wọ inú yàrà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn tí ẹ bá ti dè é tán. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ bá àwọn tó ń ta pààtì, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí tuntun sórí ṣáàfù dé ìdajì kí ẹ tó gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì sí i, torí pé nọ́ọ̀tì 22mm àti 24mm máa ń jọra lójú lórí káúńtà.